Ìtàn Somare Létí Ìyá Oníṣu: Bí Mo Ṣe Ń Kọ Ìgbésí Ayé Aṣáájú Ilẹ̀ Òkèèrè fún Rédíò

Ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní sítúdíò bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe sí i tí ìyá oníṣu tó wà ní Sábó fi máa ń pa iṣu tì, tí wọ́n á máa gbọ́ ìtàn ẹni tí kò bá wọn tan, tí wọn ò sì ní fojú kàn láyé?" Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì kí n rò ó. Ọjọ́ méjì ti di ọdún kan. Èsì ìbéèrè rẹ̀ ni mò ń kọ yìí. Bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́, nítorí náà kí ẹni tó bá jù mí lọ má bínú pé mo ń pe òun ní "ìwọ".

Ètò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń ṣe, aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn àwọn aṣáájú tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa ni mo máa ń sọ. Àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ò ṣòro: bó o bá dárúkọ Mandela, olùgbọ́ fúnra rẹ̀ á bá ọ sọ ìdajì ìtàn náà. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó wọn rí ni iṣẹ́ wà lára wọn. Nínú wọn, Michael Somare, olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Papua New Guinea lẹ́yìn òmìnira, ni mo fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, torí kò sí kòtò tí atọ́kùn ètò lè já sí tí kò sí lójú ọ̀nà ìtàn ọkùnrin náà. Èmi fúnra mi já sí mẹ́ta.

Wo máàpù kó o tó la ẹnu

Kòtò kìíní nìyí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ̀rọ̀ Somare, mo rí "Guinea" lára orúkọ ilẹ̀ rẹ̀, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé Áfíríkà níbí ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Conakry. Mi ò tíì mí tán tí fóònù fi dún. Bàbá kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò bú mi. Ohun tí wọ́n sọ ò ju, "Ọmọ mi, lọ ra máàpù," wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Gbogbo ìlú ló gbọ́.

Mo ra á. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi ló wà títí di òní, ojú ibi tí Papua New Guinea wà sì ti dọ̀tí nítorí ìka mi. Òkun Pàsífíìkì ló wà, lókè Ọsirélíà gan-an. Erékùṣù ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ New Guinea. Apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ wà lábẹ́ Indonesia, apá ìlà-oòrùn, pẹ̀lú àwọn erékùṣù bíi New Britain àti Bougainville, ni orílẹ̀-èdè tí à ń sọ. Nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù ní Ògbómọ̀ṣọ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń lù ní Port Moresby, olú ìlú wọn. Bí mo bá ń kí olùgbọ́ káàárọ̀, wọ́n ń palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́hùn-ún. Gbólóhùn yìí nìkan máa ń mú kí àwọn ọmọ mẹ́káníìkì tó ń gbọ́ rédíò gbé orí sókè.

Àṣìṣe yẹn náà ló wá di ẹnu ọ̀nà mi. Nígbà tí mo wádìí ohun tí Guinea ń ṣe lọ́hùn-ún, mo rí i pé ní 1545, awakọ̀ òkun ará Sípéènì kan, Yñigo Ortiz de Retez, ló fún erékùṣù náà lórúkọ, torí pé àwọn ará ibẹ̀ jọ àwọn ènìyàn etíkun Guinea lójú rẹ̀. Etíkun wo ni? Etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, apá ọ̀dọ̀ tiwa yìí. Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Somare lónìí: "Ilẹ̀ kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé àwa ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ." Kò sẹ́ni tó ń pa rédíò lẹ́yìn gbólóhùn yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé ibi tí ìwọ fúnra rẹ bá ti ṣìnà, olùgbọ́ rẹ náà á ṣìnà níbẹ̀. Dúró dè é lójú ibẹ̀ kó o fà á lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀ náà, má jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu rẹ. Jámánì gba apá òkè, Gẹ̀ẹ́sì gba apá ìsàlẹ̀, nígbà tó yá gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ọsirélíà. Ó tó. Ẹni tó bá gun orí ẹ̀ka yẹn kò ní tètè sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Ọmọ ta ni?

Kòtò kejì. Ọjọ́ tí mo máa tún ìtàn náà sọ, mo kó ọdún jọ bí ẹni kó igi ìdáná: 1967, 1968, 1972, 1973, 1975. Mo ń kà á lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá kan pè wá láti Sábó. "Bọ̀dá oní rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ta ni ọkùnrin tẹ́ ẹ ń sọ yìí? Kí ni bàbá ẹ̀ ń ṣe jẹun?" Mo wo ìwé ọwọ́ mi, kò sí níbẹ̀. Mo ń kólòlò.

Kò sí Yorùbá kan tó ń gbọ́ ìtàn ènìyàn tí kò ní bi ọ́ nípa bàbá ẹni náà. Nítorí náà, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Ọlọ́pàá ni bàbá Somare. Ludwig Somare Sana ni wọ́n ń jẹ́. Gbọ́ Ludwig, orúkọ Jámánì, ó sì ti sọ fún ọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ gàba níbẹ̀ láìjẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìwé ìtàn. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló gbé bàbá náà dé Rabaul, ní New Britain, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Michael sí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1936. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará Rabaul. Karau ni ilé baba wọn, abúlé kan ní adágún Murik, nítòsí ibi tí odò Sepik ti ń ya wọ inú òkun.

Wò ó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibí yìí kì í ṣòro. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ni wọ́n bí sí Tamale, tàbí sí Jọ́ọ̀sì, tó jẹ́ pé bó o bá bi wọ́n ní ìlú wọn, ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa dárúkọ? Mo kàn sọ pé, "Bí ọmọ wa tí wọ́n bí sí Gánà ni Somare ṣe jẹ́ ọmọ Karau." Ìyá Sábó ò tún béèrè ohunkóhun lórí ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni kó o wá gbé ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí kalẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì gba agbègbè yẹn, wọ́n sì ṣí ilé ìwé ní Karau. Ibẹ̀ ni Somare ti kọ́kọ́ mọ̀wé kọ tó sì mọ̀ ọ́n kà. Kì í ṣe ní èdè ìyá rẹ̀, kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Jàpáànì ni. Òǹkà àkọ́kọ́ tó kọ́ nínú kíláàsì, èdè Jàpáànì ló fi kà á. Ọsirélíà ló ń pàṣẹ fún wọn kí ogun tó dé, ogun parí, Ọsirélíà tún padà, ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń dúró díẹ̀ níbí, màá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó ti rí i kó tó pé ọdún mẹ́wàá pé ọ̀gá lè yí padà, pé ẹni tí gbogbo ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún lánàá lè sá lọ lónìí, ọ̀tọ̀ ni ojú tí yóò fi máa wo òyìnbó nígbà tó bá dàgbà. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì máa ń sọ fún olùgbọ́ pé èrò tèmi ni.

Ó ka ilé ìwé girama ní Sogeri, ó jáde ní 1957, ó di tíṣà. Nígbà tó yá, ó di oníṣẹ́ rédíò ní Wewak, olú ìlú agbègbè Sepik tiwọn. Níbí ni mo ti ní láti kìlọ̀ fún ara mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rédíò Somare, torí pé inú mi dùn pé ará wa ni. Olùgbọ́ ò bá mi dunnú. Ẹlẹ́ja ló ń yin ẹja ni ìyẹn.

Orúkọ tí ẹnu ò bá gbé

Orúkọ ilẹ̀ òkèèrè, má fi bó ṣe wà nínú ìwé sílẹ̀ nínú ìwé ọwọ́ rẹ. Kọ ọ́ bó o ṣe máa pè é, kó o sì fàmì sórí rẹ̀. Sòmárè ni mo kọ sínú tèmi. Sẹ́píìkì. Wéwàkì. Àwọn ará ibẹ̀ lè má pè é bẹ́ẹ̀ gan-an, àmọ́ ahọ́n mi ò ní kọsẹ̀, olùgbọ́ sì lè pè é tẹ̀ lé mi. Orúkọ márùn-ún kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ètò kan. Bó o bá ti pè ju márùn-ún lọ, ìyá oníṣu ti padà sídìí iṣu.

Èdè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tok Pisin. Bíi bròkìn tiwa ló rí: inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti jáde, ó di tiwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnì kan, wọ́n á ní "bilong". Ẹgbẹ́ òṣèlú ni "pati". Nítorí náà nígbà tó o bá dé orí Pangu Pati, ẹgbẹ́ tí Somare àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1967, má tú u, pè é bẹ́ẹ̀. Létí olùgbọ́, bí ọ̀rọ̀ àdúgbò ló máa ń rí, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ìtàn ẹgbẹ́ náà ládùn. Kó tó di ẹgbẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ máa ń pàdé ní Port Moresby, Albert Maori Kiki wà lára wọn, wọ́n á jọ máa jẹ ẹran inú agolo, wọ́n á máa jiyàn lórí ìgbà tí òyìnbó máa lọ. Wọ́n sọ ara wọn ní Bully Beef Club, Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ran Agolo. Ibi tí òmìnira ilẹ̀ wọn ti hù jáde nìyẹn o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo tó ṣófo. Níbi tí mo bá ti rí oúnjẹ nínú ìtàn òṣèlú, mi ò jẹ́ kó bọ́. Ọ̀pọ̀ atọ́kùn máa ń fò ó torí wọ́n rò pé kò lọ́lá.

Ọdún gbọ́dọ̀ ní èèkàn

Bí o bá ka 1975 sétí ènìyàn, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. So ó mọ́ èèkàn. Papua New Guinea gba òmìnira ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1975. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún yẹn ni Murtala Muhammed gbàjọba nílẹ̀ wa. Kà á: ọ̀sẹ̀ méje géérégé. Bí mo bá ti sọ pé, "Murtala ò tíì lo oṣù méjì lórí oyè tí wọ́n fi gba òmìnira lọ́hùn-ún," ẹni tó ti gbọ́njú nígbà yẹn ti mọ ibi tí òun wà.

Àwọn ọdún tó ṣíwájú rẹ̀ ò gbà ju gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ. Ní 1968 Somare wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lẹ́yìn ìdìbò 1972, ó bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn pa pọ̀, ó di olórí àwọn mínísítà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 1973, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í darí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ń kà á lọ, sọ ohun tó mú kó ṣòro. Àwọn ará òkè, ìyẹn àwọn tó ń gbé orí òkè ńláńlá tó wà láàárín ilẹ̀ náà, ò fẹ́ kí òmìnira tètè dé. Ẹ̀kọ́ òyìnbó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ará etíkun ni yóò gba gbogbo iṣẹ́. Ǹjẹ́ ìwọ náà ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Ní 1953, nígbà tí Enahoro gbé àbá òmìnira wá, kí ni àwọn ará Àríwá sọ? Má ṣàlàyé púpọ̀. Bi wọ́n ní ìbéèrè, kó o sì máa lọ.

Èdè ni ohun tó máa ń ya wọ́n lẹ́nu jù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, dé Ìbàdàn, dé Abẹ́òkúta, ohùn ló ń yí, èdè kan náà la ń sọ. Ní Papua New Guinea, èdè tó wà níbẹ̀ ju 800 lọ. Somare fẹ́ sọ wọ́n di ọ̀kan láìsí ogun. Bougainville ò tilẹ̀ dúró kí òmìnira dé: ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1975, wọ́n kéde pé àwọn ti dá dúró, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù kí wọ́n ta àsíá tuntun. Somare ò rán ṣọ́jà lọ. Ó bá wọn jókòó, ní ọdún kejì wọ́n fara mọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí yóò ní agbára tirẹ̀. Ogun padà wá síbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. O gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Má fi ìtàn parí sí ibi tó dùn.

Owó wọn náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1975 wọ́n fi owó tiwọn rọ́pò ti Ọsirélíà, wọ́n sọ ọ́ ní kina, àwọn ẹyọ rẹ̀ ni toea. Orúkọ ìkarawun méjèèjì ni, irú èyí tí àwọn baba wọn fi ń náwó. Owó ẹyọ! Ìlú tó sọ owó bébà rẹ̀ ní orúkọ owó ẹyọ, ṣé a lè ṣàlàyé rẹ̀ fún Yorùbá jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Má tètè kì í

"Baba orílẹ̀-èdè" ni wọ́n ń pe Somare níbẹ̀, "Grand Chief" sì ni oyè rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sójú gbólóhùn àkọ́kọ́. Mo máa ń pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni tí o bá ti kì kí olùgbọ́ tó mọ̀ ọ́n, ariwo ni. Wá ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré kan dípò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti bàtà. Ní oṣù kẹta 2005, Somare ń kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú Brisbane ní Ọsirélíà, olórí ìjọba ni nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ní kó bọ́ bàtà kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ìròyìn dé ilé, àwọn ènìyàn tú jáde ní Port Moresby, wọ́n wọ́ lọ sí iwájú ọ́fíìsì aṣojú Ọsirélíà. Ìjọba Ọsirélíà ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ bàtà di ọ̀rọ̀ ìlú méjì.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá wọ ààfin Ṣọ̀ún mọ ibi tí bàtà ń gbé. Àwa ló ń bọ́ bàtà fún ọba. Ta ló ń ní kí ọba bọ́ tiẹ̀? Nígbà tí mo sọ ìyẹn, ẹni mẹ́rin ló pè, inú ń bí wọn bíi pé ìyá wọn ni wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ẹnì karùn-ún, ọmọ Under G kan, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbí, ní, "Ṣùgbọ́n sà, bí bọ́ǹbù bá wà nínú bàtà ńkọ́?" Mo jẹ́ kí òun náà sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó wá sọ pé orílẹ̀-èdè yìí ni Somare kúrò lábẹ́ rẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, pé wọ́n sọ lọ́jọ́ òmìnira pé àwọn ń sọ àsíá Ọsirélíà kalẹ̀ ni, àwọn ò fà á ya. Ìgbà yẹn ni "baba orílẹ̀-èdè" tó nítumọ̀ létí wọn.

Ibi tó ti ṣubú ni kó o ti ná ìṣẹ́jú rẹ

Ẹni tó ń kọ ìtàn aṣáájú máa ń gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, tó bá ti fẹ́ já bọ́, á pajú dé. Somare ṣubú tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ni mo ti ń mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ní oṣù kẹta 1980, ilé ìgbìmọ̀ dìbò pé àwọn ò fọkàn tán ìjọba rẹ̀ mọ́. Julius Chan gba ipò, ẹni tí òun àti Somare ti jọ ń ṣèjọba tẹ́lẹ̀. Ìdìbò 1982 dé, Somare padà. Ní oṣù kọkànlá 1985, ìbò irú rẹ̀ tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Paias Wingti ló gorí àga lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin tó ti ṣe igbákejì Somare fúnra rẹ̀. Ṣé o rí i? Ẹni tó jókòó tì í ni, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ìbò yẹn, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni mo fi ń ṣe é: bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá pọ̀ tí wọ́n ní ìyálọ́jà ò ṣe mọ́, kò sí ohun tó kàn án pé ọdún rẹ̀ ò tíì pé.

Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ló fi dúró kó tó tún débẹ̀. Kò lọ sílé lọ sùn. Ó ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní 2002 ó padà di olórí ìjọba, nígbà tó sì di 2007, ìjọba rẹ̀ ni àkọ́kọ́ láti ìgbà òmìnira tó lo ọdún márùn-ún rẹ̀ pé.

Ìṣubú kẹta ló gùn jù. Ní oṣù kẹrin 2011, ìgbìmọ̀ tó ń ṣèdájọ́ àwọn aṣáájú ní kó lọ jókòó sílé fún ọjọ́ 14 láìgba owó oṣù, torí pé ìwé tó yẹ kó máa kọ lọ́dọọdún nípa owó àti ohun ìní rẹ̀ ò pé, àwọn mìíràn sì pẹ́. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má fi òwú bò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ló lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Singapore, oṣù ń gorí oṣù kò tíì dé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, àwọn aṣòfin ní ipò rẹ̀ ti ṣófo, wọ́n fi ìbò 70 sí 24 gbé Peter O'Neill síbẹ̀. Bàbá náà padà dé, ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, adájọ́ mẹ́ta sí méjì, ní wọn ò yọ ọ́ bó ṣe tọ́, kó padà sórí àga. O'Neill kọ̀, kò dìde. Fún ọjọ́ mélòó kan, olórí ìjọba méjì ni ilẹ̀ náà ní, olórí ọlọ́pàá méjì.

Kòtò kẹta wà níbí, tàǹtàn-tán ni mo sì já sí i. Báwo ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa sọ èyí tí kò ní dárúkọ Akíntọ́lá? Òun náà ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, bí Somare ṣe ṣe tíṣà tó sì ṣe rédíò. Ní 1962, Gómìnà yọ ọ́ nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nítorí ìwé tí ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí, láìsí pé wọ́n dìbò nínú ilé. Ilé ẹjọ́ gíga nílẹ̀ wa ní kò tọ́, àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ó tọ́ ní 1963, àmọ́ ó ti padà sórí àga nígbà yẹn, wọ́n sì tún òfin ṣe kó má bàa dìde. Àbí kò jọra? Mo sọ ọ́, tìdùnnú-tìdùnnú. Ìpè mẹ́rìnlá ló wọlé lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ Akíntọ́lá. Àwọn kan ń sunkún un, àwọn kan ń bú u, àwọn kan ń bú àwọn tó ń bú u. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Somare mọ́ títí ètò fi parí.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ń jẹ́ kí àpẹẹrẹ ilé fi wọlé, mo sì máa ń sọ kíákíá ibi tí ọ̀nà ti yà. Akíntọ́lá, ìbọn ló pa á ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966. Lọ́hùn-ún, ìdìbò 2012 dé, Somare tún wọlé láti Sepik, wọ́n sì ń retí ohun tó máa ṣe fún ẹni tó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbárùkù ti O'Neill láti tún ṣe olórí ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ní ọgbọ́n òṣèlú lásán ni. Ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n Sana, oyè ìdílé baba rẹ̀ nì, oyè ẹni tó ń wá àlàáfíà ni láàárín wọn. Mo máa ń fi oyè yẹn pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti dárúkọ bàbá rẹ̀, ibí ni màá ti túmọ̀ rẹ̀. Bí ẹni sin irúgbìn ni.

Kíkà á sórí máíkì

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orin gba ọ̀kan, ìpolówó gba méjì, ìkíni àti ìpè gba mẹ́rin. Mẹ́jọ ló kù. Fúlúsíkáàpù mẹ́ta tí mo fi ọwọ́ kọ, tí mo fo ìlà kan kọ ìlà kan, ni ìṣẹ́jú mẹ́jọ tèmi, wọn tìrẹ. Kà á sókè fún ẹnì kan tí kò ní bá ọ ṣe ojú ayé. Ìyá tó ń se àmàlà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ wa ni tèmi. Níbi tí wọ́n bá ti sọ pé, "Ẹ ní kí ni?" mo ti mọ̀ pé gbólóhùn yẹn gùn jù. Níbi tí wọ́n bá ti dá omi ọbẹ̀ dúró lọ́wọ́, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ju gbogbo ipò mínísítà tó dì mú àti àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un sẹ́yìn ilé. Ọdún tó kúrò nílé ìgbìmọ̀ ni kó o mú: 2017, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ́yìn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 2021, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, àrùn jẹjẹrẹ ni. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó 50 kina, ibẹ̀ ni mo ti máa ń dákẹ́: ọmọ tó fi èdè Jàpáànì kọ́ òǹkà, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń kà nínú ọjà báyìí.

Mo ṣe ètò náà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó wọ̀ mí lára. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ hẹdifóònù kúrò lórí nígbà tí ìpè kan tún wọlé. Mo mọ ohùn náà. "Bọ̀dá oní rédíò, ẹ ṣe é gan-an ni. Bàbá ẹ̀ ti yé mi. Ṣé apọ́n ni títí tó fi kú ni?" Mo wo fúlúsíkáàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Veronica ò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn márùn-ún ò sí níbẹ̀, kódà Arthur tó ṣe mínísítà nínú ìjọba bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo dárúkọ wọn fún ìyá náà lórí afẹ́fẹ́, orin ìparí sì ti ń dún lábẹ́ ohùn mi.